Súwíìṣì Pupa Ẹ̀yìn Kọ̀ǹpútà

Ní ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà orí tábìlì àtijọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ki wáyà iná bọ̀ ọ́, súwíìṣì pupa kan wà níbẹ̀ tí kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Nọ́ńbà méjì ló wà lára rẹ̀. Tí wọ́n bá tì í síhìn-ín, 230 á yọ. Tí wọ́n bá tì í sọ́hùn-ún, 115 á yọ. Ká mú un pé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe kan ń to kọ̀ǹpútà rẹ̀ àkọ́kọ́ nínú yàrá tó háyà ní Ẹdẹ. Ó ti fi sùúrù de gbogbo ìdè, ó ti ki wáyà kọ̀ọ̀kan bọ ojú ihò rẹ̀, ó tilẹ̀ ti gbàdúrà sí i, àmọ́ kò wo súwíìṣì yẹn. Ó tẹná. Gbàù! Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Òórùn ohun tó jóná gba inú yàrá, ilé ṣókùnkùn, àwọn ará yàrá kejì sì ń pariwo pé ta ló já iná.

Kì í ṣe ọwọ́ ayé. Iná tí wọ́n ń lò nílé ní Amẹ́ríkà kò ju 120 fóòtì lọ, àmọ́ iná tiwa, tó jẹ́ pé ìlànà àwọn Gẹ̀ẹ́sì la fi ń pín in, lé ní 220. Páwà páàkì, àpótí iná inú kọ̀ǹpútà tí súwíìṣì náà wà lára rẹ̀, tí wọ́n ti yí sí 115 láti ọ̀hún á wá gba ìlọ́po méjì ohun tí agbára rẹ̀ gbé, àwọn agolo kéékèèké inú rẹ̀ tó ń gba iná pamọ́ á sì bẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ pa ìtàn bí àwọn ará Ẹdẹ ṣe ń to kọ̀ǹpútà fúnra wọn, ibi súwíìṣì yìí ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀, torí òun ló tú àṣírí ọjà náà: ó ti sin ọ̀gá kan rí lókè òkun kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Ẹdẹ kò ṣàjèjì sí ẹ̀rọ tó ti òkèèrè wá. Ọdún 1907 ni rélùwéè láti Èkó dé Òṣogbo, ojú ọ̀nà rẹ̀ sì ni Ẹdẹ wà. Kẹ̀kẹ́ ológeere, ẹ̀rọ ìránṣọ, giramafóònù, gbogbo wọn ló bá ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wọ àwọn ìlú àárín gbùngbùn ilẹ̀ Yorùbá, ibi tí ẹ̀rọ bá sì dé, alátùn-únṣe kì í pẹ́ débẹ̀. Nígbà tó yá, rédíò dé. Ìbàdàn ti ní àpótí tí wọ́n fi wáyà fa ohùn wá sínú rẹ̀ láti 1939. Èèyàn kò lè dá a lóhùn, kò sì lè yí i sí ibòmíì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Rédíò oníbátìrì tó wọ́pọ̀ lẹ́yìn òmìnira ló wá bí àwọn oní-rédíóníìkì, àwọn ọkùnrin tó ń jókòó sí ìsọ̀ kékeré pẹ̀lú irin gbígbóná àti òjé lọ́wọ́, tí wọ́n ń ka ìlà àwọ̀ ara ohun tí kò tó èso àgbàdo láti mọ bó ṣe ń dènà iná tó. Àwọn wọ̀nyí gan-an ni bàbá àwọn tí a ń pè ní ẹnjiníà kọ̀ǹpútà lónìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọmọ kì í fẹ́ rántí.

Àwọn ará Ẹdẹ tún ní àpẹẹrẹ mìíràn nílé. Tímì John Adétóyèṣe Láoyè, tó jọba láti 1946 sí 1975, jẹ́ ọba Ẹdẹ tó ń lu dùndún fúnra rẹ̀, tó sì kọ̀wé lórí ìlù Yorùbá ní àwọn ọdún 1950. Ta ló ń ṣe dùndún? Gbẹ́nàgbẹ́nà ló gbẹ́ igi, awọ ti ara ẹran wá, alágbẹ̀dẹ ló rọ ṣaworo, àmọ́ ẹni tó kó wọn pọ̀, tó fi ọsán fà wọ́n títí ohùn fi jáde, òun la ń pè ní Àyàn. Kò sẹ́ni tó bi í pé ṣé ìwọ lo dá igi. Ó dára kí èyí wà lọ́kàn wa nígbà tí ẹnì kan bá ń fi ẹni tó to kọ̀ǹpútà ṣe yẹ̀yẹ́ pé ara Táíwàn ló ṣe bọ́ọ̀dù rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà tó kọ́kọ́ wọ Nàìjíríà kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni lè tú palẹ̀ kó sì tún un tò. Iṣẹ́ ìkànìyàn ìgbà òmìnira ló gbé e wá, ní 1963 sì ni IBM dá ibùdó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ̀rọ ìgbà náà gba odindi yàrá, ilé-iṣẹ́ tó ni ín ló ń tún un ṣe, oníbàárà kò sì gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kan inú rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, àwọn olùfẹ́ ẹ̀rọ ti ń fọwọ́ ara wọn ṣe é ní 1975, nígbà tí Altair 8800 jáde sínú ìwé ìròyìn oṣù kìíní ọdún náà, tí wọ́n ń ta ẹ̀yà ara rẹ̀ ní owó tí kò tó 400 dọ́là. Ìyẹn le o. Òjé ni wọ́n fi ń jó ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan mọ́ bọ́ọ̀dù, tí wọ́n bá sì parí rẹ̀, kò ní kíbọ́ọ̀dù, kò ní ojú tí wọ́n máa wò, iná wẹ́wẹ́ ló kàn ń ṣẹ́jú.

Ohun tó sọ ọ́ di iṣẹ́ sùkúrúdíráfà ni ìkánjú IBM. Ilé-iṣẹ́ ńlá yìí rí i pé àwọn kékeré ń jẹ ọjà kọ̀ǹpútà ilé, ó sì fẹ́ wọ ọjà náà kíákíá. Kò dúró ṣe gbogbo ẹ̀yà fúnra rẹ̀ bó ti máa ń ṣe. Ó ra pùrọ́sẹ́sọ̀ 8088 lọ́wọ́ Intel, ó gba ètò ìṣiṣẹ́ lọ́wọ́ Microsoft, ó kó èyí tó kù jọ láti ọjà, ó sì gbé ẹ̀rọ náà jáde ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1981. Ó tún ta ìwé tí àwòrán ọ̀nà iná inú rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló kù tó lè pè ní tèmi-nìkan: ìwọ̀nba àṣẹ kékeré tó ń jí ẹ̀rọ náà láàárọ̀, tí wọ́n ń pè ní BIOS. Ilé-iṣẹ́ Compaq, tó fẹ́ ṣe irú ẹ̀rọ náà, lọ wá àwọn tí kò fojú kan ti IBM rí, wọ́n kọ tiwọn láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì kéde ẹ̀rọ wọn ní ìparí 1982. Nígbà tó fi di 1984, ilé-iṣẹ́ Phoenix ti ń ta irú BIOS bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó bá lówó lọ́wọ́. Ọdún yẹn kan náà ni ọmọ yunifásítì kan tó ń jẹ́ Michael Dell bẹ̀rẹ̀ sí í to kọ̀ǹpútà tà ní yàrá rẹ̀ ní Austin, ní ìpínlẹ̀ Texas. Àwọn ará Táíwàn gba iṣẹ́ bọ́ọ̀dù ṣíṣe. Ìlẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Orúkọ tí ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń jẹ́ ní Nàìjíríà ni kílóònù. Kì í ṣe orúkọ ìyìn. Ó túmọ̀ sí pé kò ní orúkọ ìdílé, àmì ilé-iṣẹ́ kankan kò sí níwájú rẹ̀, ẹni tó tò ó nìkan ló mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Títò rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní kíkọ́pù, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n ṣe á ní òun ń kọ́pù sísítẹ́ẹ̀mù. Àwa náà la pe àpótí odidi ní “sípíyù”, bẹ́ẹ̀ CPU gan-an kò ju ègé kan nínú àpótí náà lọ, tó fẹ̀ bí bisikíìtì. Àwọn olùkọ́ ti bá àṣìpè yìí jà títí, ó rẹ̀ wọ́n. Àwọn tó ń kọ Yorùbá ní tiwọn pe kọ̀ǹpútà ní ẹ̀rọ ayárabíàṣá, orúkọ tó dùn létí, àmọ́ ẹni tó bá ti jókòó ti Pentium tí ráàmù rẹ̀ kéré, tó ń dúró kí Windows ṣí, á mọ̀ pé àṣá náà máa ń rẹ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ kílóònù làwọn èèyàn dì mọ́? Owó ni. Ní 1985, náírà kan ṣì ju dọ́là kan lọ. Ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí ìjọba Babangida gbé kalẹ̀ ní 1986 ló já a sílẹ̀, nígbà tó sì fi di 1999, dọ́là kan ti lé ní 90 náírà. Kọ̀ǹpútà olórúkọ ńlá wá di ohun tí báńkì, ilé-iṣẹ́ epo àti ìjọba nìkan ń rà. Olùkọ́ tó fẹ́ tẹ ìbéèrè ìdánwò, atẹ̀wé tó fẹ́ ṣe káàdì ìpè ìyàwó, ẹni tó fẹ́ ṣí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, ẹ̀yà ni wọ́n ń rà, lẹ́yọ lẹ́yọ: lóṣù yìí késìn, lóṣù tó ń bọ̀ bọ́ọ̀dù, ìyókù di ìgbà tí àjọ bá kan èèyàn.

Ibi tí ẹ̀yà wọ̀nyí ti ń wá ni Otigba, ní Ìkẹjà. Àdúgbò ilé gbígbé ni tẹ́lẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1990, àwọn oníṣọ́ọ̀bù bẹ̀rẹ̀ sí í háyà yàrá ìsàlẹ̀, wọ́n gun òkè, wọ́n gba gáréèjì, títí òpópónà Otigba, Ọlá-Ayéní, Pepple àti Francis Oremeji fi di ọjà kan ṣoṣo tí gbogbo ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà mọ̀ sí Computer Village. Ìjọba kọ́ ló tẹ̀ ẹ́ dó. Ọ̀gá ń kọ́ ọmọ iṣẹ́, ọmọ iṣẹ́ gba fírídọ̀ọ̀mù, òun náà gba ìdajì ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá, ó mú ọmọ iṣẹ́ tirẹ̀. Bí àwọn rédíóníìkì ṣe ń ṣe é nìyẹn, bí àwọn télọ̀ náà ṣe ń ṣe é. Àwọn olùwádìí tó dé ibẹ̀ láti yunifásítì ní ẹ̀yìn ọdún 2000 rí ọ̀pọ̀ tó kàwé jáde ní yunifásítì àti gbogboǹṣe tó ń lo sùkúrúdíráfà lójoojúmọ́, ẹnu sì yà wọ́n. Kò yẹ kó ya ẹni tó mọ bí iṣẹ́ ìjọba ṣe wọ́n nígbà náà.

Láti Ìkẹjà, ẹrù ń gba Ìbàdàn, ó yà ní Gbọ̀ngán, ó dé Akódà kó tó wọ Ẹdẹ. Ìrìn àjò yẹn kò rọrùn fún háádì díìsìkì. Àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń gbé háádì lé itan nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n á fi aṣọ wé e bí ọmọ tuntun, torí inú rẹ̀ ni abẹ́rẹ́ kan ti ń fò lórí àwo dídán tí wọn kò gbọ́dọ̀ kanra, ihò ojú ọ̀nà kan péré sì lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká wo tábìlì tí wọ́n ti ń kọ́pù fínnífínní. Ṣáájú 1995, tí Intel gbé ìlànà ATX jáde, páwà páàkì ní wáyà ńlá méjì tó ń lọ sí ara bọ́ọ̀dù, P8 àti P9. Ìrísí kan náà ni méjèèjì ní, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n sì ń wọlé sí. Tí èèyàn bá fi ọ̀kan sí ipò èkejì, iná á gba ibi tí kò yẹ, bọ́ọ̀dù á kú láìsọ̀rọ̀. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí ọmọ iṣẹ́ ń gbà kò ju gbólóhùn kan lọ: dúdú kojú sí dúdú. Wáyà dúdú ti P8 àti ti P9 gbọ́dọ̀ pàdé láàárín. Ọ̀pọ̀ ló gbàgbé orúkọ gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà àmọ́ tí kò gbàgbé ìyẹn títí dòní.

Lẹ́yìn ìyẹn ni jọ́m̀pà, àwọn ike tíńtìnnì tí wọ́n fi ń so irin méjì pọ̀ lórí bọ́ọ̀dù láti sọ fún un bí pùrọ́sẹ́sọ̀ ṣe gbọ́dọ̀ yára tó. Èékánná ni wọ́n fi ń yọ ọ́, tó bá sì já bọ́ sílẹ̀ onísìmẹ́ńtì, gbogbo ará ilé á kúnlẹ̀ máa wá a. Ráàmù ní tirẹ̀ á dún “kà” lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì kó tó jókòó dáadáa. Bí wọ́n bá tan ẹ̀rọ tó kàn ń ké “pí-pí-pí” láìfi nǹkan kan han lójú mọ́nítọ̀, ọ̀gá kì í bínú. Á yọ ráàmù, á mú iréésà tí àwọn ọmọ ilé-ìwé fi ń pa ìwé rẹ́, á fi nu etí rẹ̀ aláwọ̀ wúrà títí á fi dán, á dá a padà. Nígbà tó pọ̀, igbe náà á dákẹ́. Ìdọ̀tí àti ọ̀rinrin ló ń dúró láàárín irin àti irin. Ọyẹ́ ń gbé eruku wá, òjò ń gbé ìpẹtà wá. Búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń kun ilé ni wọ́n fi ń gbá inú àpótí. Báwọn ìwé olówó ńlá ṣe ń kọ́ni kọ́ nìyí, àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́.

Ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ni Ìjọba Àpapọ̀ dá ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe sílẹ̀ ní Ẹdẹ, ní 1992. Ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe fún ìlú ju kíláàsì lọ. Ó kó ọ̀dọ́ tó nílò ìwé títẹ̀ wá, akẹ́kọ̀ọ́ tó ní iṣẹ́ àṣekágbá láti gbé kalẹ̀, àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ iná àti kọ̀ǹpútà tí òfin ní kí wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ nílé-iṣẹ́, ìyẹn I.T., fún oṣù mélòó kan. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń rí ilé-iṣẹ́ ńlá gbà wọ́n. Ṣọ́ọ̀bù atún-kọ̀ǹpútà-ṣe ní Òṣogbo tàbí ní Ìkẹjà ni ọ̀pọ̀ irú wọn ń fi ìdí kalẹ̀ sí, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń rí ohun tí wọ́n ti ń yà sójú pátákó láti ọdún kìíní. Ẹni tó bá padà dé láti I.T. pẹ̀lú sùkúrúdíráfà tirẹ̀ di ẹnjiníà gbogbo họ́sítẹ́ẹ̀lì lọ́jọ́ náà. Owó iṣẹ́ kò tó nǹkan. Nígbà mìíràn, àwo ìrẹsì ni.

Lẹ́yìn tí ẹ̀rọ alágbèéká GSM dé ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, tí káfẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ń hù káàkiri bí olú, iṣẹ́ kíkọ́pù rí ọjọ́ rere rẹ̀. Káfẹ́ kan nílò kọ̀ǹpútà mẹ́wàá, ogún, kò sì sí ẹni tó ń ra ogún èyí tó ní orúkọ. Àwọn tó ń fi òru ṣe “night browsing” kò wo orúkọ iwájú àpótí. Ní àárín ìgbà yìí kan náà ni àwọn ọmọ Nàìjíríà kan pinnu pé àwọn á sọ kíkọ́pù di ilé-iṣẹ́ gidi. Leo Stan Ekeh gbé Zinox jáde ní 2001. Florence Seriki, tó ti dá Omatek sílẹ̀ láti 1988, ń to kọ̀ǹpútà ní Oregun, l’Ékòó, ó ń ṣe késìn pàápàá, kó tó di olóògbé ní 2017. Ohun tí ọmọ iṣẹ́ Otigba ń ṣe lórí bẹ́ńṣì ni ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí ń ṣe lórí tábìlì gígùn, àyàfi pé wọ́n ní ìwé ẹ̀rí àti gárántì. Nígbà ìforúkọsílẹ̀ olùdìbò 2011, Zinox wà lára àwọn tó kó ẹ̀rọ fún àjọ elétò ìdìbò.

Àmọ́ tòkunbọ̀ ló borí gbogbo wọn. Ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, ẹ̀rù Y2K, pé kọ̀ǹpútà á ṣi ọdún 2000 kà, mú kí ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà pààrọ̀ kọ̀ǹpútà wọn, àwọn tí wọ́n gbé dànù sì wá ojú omi gbà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2005, ẹgbẹ́ Basel Action Network tó ń jà fún àyíká gbé ìwádìí kan jáde lórí Èkó. Wọ́n ní nǹkan bí 500 kọ̀ǹtéénà ẹrù àlòkù bẹ́ẹ̀ ló ń wọ èbúté lóṣù, kọ̀ọ̀kan wọn lè gba nǹkan bí 800 kọ̀ǹpútà tàbí mọ́nítọ̀. Àwọn oníṣòwò Ìkẹjà fúnra wọn ló sọ fún wọn pé ó tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹrù náà tí kò ṣeé tún ṣe. Ẹrù ẹ̀gbin ni, wọ́n kọ “àlòkù” sí i lára kó lè wọlé. Mọ́nítọ̀ ẹlẹ́yìn-gbàǹgbà ìgbà náà ní òjé nínú gíláàsì rẹ̀. Ààtàn ni wọ́n ń dà á sí. Wáyà ni wọ́n ń dáná sun láti yọ kọ́pà inú rẹ̀, ẹni tó ń sun ún náà ló sì ń fa èéfín rẹ̀ sí imú. Ìjọba ṣe òfin lórí ẹ̀gbin ẹ̀rọ ní 2011.

Ìdá kan tó kù nínú mẹ́rin ni wọ́n fi ń to kọ̀ǹpútà ní Ẹdẹ. Kí a má ṣe fi ojú tẹ́ńbẹ́lú wò ó. Láti inú kọ̀ǹpútà mẹ́ta tó ti kú, ọmọ iṣẹ́ á yọ háádì lára èyí, ráàmù lára tọ̀hún, páwà páàkì lára ẹ̀kẹta, á sì gbé odidi kan tó ń ṣiṣẹ́ jáde. Ibẹ̀ gan-an ni súwíìṣì pupa ti ń múni. Èyí tó wá láti Ìlú Ọba wà ní 230 tẹ́lẹ̀, èyí tó wá láti Amẹ́ríkà wà ní 115, inú àpótí kan náà ni wọ́n sì bá ara wọn.

Ọ̀rọ̀ iná kò tán síbẹ̀. Ẹ rántí pé Tímì Àgbàlé, ọlọ́fà iná tó tẹ Ẹdẹ dó, inú ìtàn Ṣàngó ló ti jáde, Ṣàngó yìí náà sì ni Ben Enwonwu gbẹ́ ère rẹ̀ síwájú ilé àjọ mànàmáná ní Marina, l’Ékòó, ní 1964. Olúkòso ń wo àwọn òṣìṣẹ́ lójoojúmọ́, iná ṣì ń lọ. NEPA di PHCN, PHCN di ti àwọn aládàáni ní 2013. Ti Ìbàdàn ló ń pín iná fún Ẹdẹ. Ẹni tó to kọ̀ǹpútà ní ọgọ́rùn-ún nǹkan láti rà lẹ́yìn rẹ̀: sitabiláísà, UPS, jẹ́nẹ́rétọ̀ kékeré tí wọ́n fi orúkọ “I pass my neighbour” ṣẹ̀fẹ̀. Tó bá jẹ́ pé iná ló mú iṣẹ́ wákàtí méjì lọ lójijì, èèyàn á kọ́ láti máa tẹ Ctrl àti S bí ẹni ń ka tẹ̀súbà. Ó dà bíi pé ohun tó pa kọ̀ǹpútà orí tábìlì nílé àwọn èèyàn kì í ṣe ẹwà láptọ́ọ̀pù rárá. Bátìrì ló pa á.

Ohun kejì tó dín iṣẹ́ kíkọ́pù kù kò hàn sí ọ̀pọ̀. Tòkunbọ̀ tó ń wọlé nígbà tó yá, ti àwọn ọ́fíìsì ńlá ni, Dell OptiPlex àti HP àti Lenovo, odindi ni wọ́n sì ń wá. Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ti ń ṣe páwà páàkì tó rí bó ṣe wù ú, wáyà tó wọ bọ́ọ̀dù tirẹ̀ nìkan, bọ́ọ̀dù tí ihò ìdè rẹ̀ kò bá ti késìn mìíràn mu. Ìlẹ̀kùn tí ìkánjú IBM ṣí ní 1981, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń tì í padà. Ọ̀gá tó lè fi òkú mẹ́ta ṣe alààyè kan tẹ́lẹ̀ á wá máa wá irú kan náà gẹ́lẹ́.

Síbẹ̀, kọ̀ǹpútà orí tábìlì kò kúrò nílùú. JAMB, àjọ tó ń ṣe ìdánwò àbáwọlé yunifásítì, bẹ̀rẹ̀ ìdánwò orí kọ̀ǹpútà ní 2013, ó sì fi ti orí ìwé sílẹ̀ pátápátá ní 2015. Gbọ̀ngàn tó bá fẹ́ gba àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ ní 250 ẹ̀rọ ó kéré tán, èyí sì dá iṣẹ́ padà fún ọ̀pọ̀ ẹni tó mọ ráàmù nù. Ní ọ̀nà Akódà, ní Yunifásítì Redeemer’s, àwọn onímọ̀ ibùdó ACEGID tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi ń darí lo kọ̀ǹpútà láti ka àbùdá kòkòrò kòrónà ní oṣù kẹta ọdún 2020, nǹkan bí 30,000 lẹ́tà; òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láti ilẹ̀ Áfíríkà. Ní Lomé àti Kútọnu, àwọn ọ̀dọ́ WoeLab àti BloLab gba ọ̀nà mìíràn: inú kẹ́ẹ̀gì òróró ni wọ́n ń to ẹ̀yà kọ̀ǹpútà àlòkù sí, wọ́n ń pè é ní Jerry, bẹ́ẹ̀ ni Afate Gnikou ti Lomé fi pàǹtírí ẹ̀rọ ṣe ẹ̀rọ tó ń tẹ nǹkan bí ẹní ń mọ amọ̀ ní 2013.

Àwọn tó tún ń to tiwọn ní Ẹdẹ báyìí kéré, iṣẹ́ wọn sì wúwo: àwọn tó ń gé fídíò ìnáwó, àwọn tó ń ya àwòrán ilé, àwọn ọmọkùnrin tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù lójú mọ́nítọ̀ láìsí pé ó ń dúró. Látìgbà tí dọ́là ti kọjá 1,500 náírà ní 2024, gbogbo ẹ̀yà ni wọ́n ń fi ìwé àti bírò ṣírò kó tó di pé wọ́n sanwó. Páwà páàkì tuntun tí wọ́n ń rà kò ní súwíìṣì pupa mọ́. 100 fóòtì ni o, 240 ni o, ó mọ bó ṣe máa gbà á. Àmọ́ ẹ wo ọ̀gá tó ti wà nídìí iṣẹ́ náà láti ìgbà Pentium. Kó tó tẹná sí ẹ̀rọ èyíkéyìí, á na ọwọ́ sẹ́yìn rẹ̀, á fi àtàǹpàkò wá ibì kan kiri lára irin títẹ́jú, kò ní rí nǹkan kan, á sì wá tẹná.